Ẹni Tí Wọ́n Ti Sin Tẹ́lẹ̀

"Àníkẹ́, ṣé Adéróunmú ti ránṣẹ́?"

Ohun tí bàbá Adùnọlá fi ń jí láràárọ̀ nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ kò ní tíì kúnlẹ̀ kí i tán tí yóò fi bi í. Òun nìkan ló ń pe ọmọ náà ní oríkì. Adùnọlá á gbé abọ́ omi gbígbóná kalẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, á ṣí fèrèsé onígíláàsì yàrá ẹ̀yìn kí atẹ́gùn Bódìjà lè wọlé, á wá tún ohun tó sọ lánàá sọ: "Wọn ò tíì ránṣẹ́, Bàbá. Bóyá lónìí." Baba náà á mi orí, á kọjú sí ògiri. Ó mọ̀ pé "bóyá lónìí" ni wọ́n fi ń tan ọmọdé.

Adégbénró Ògúnlẹ́yẹ lorúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, ó sì ti ṣe ṣọ́jà rí. Lọ́dún kẹrin tí a gba òmìnira yìí, ikùn rẹ̀ ti wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ẹyinjú rẹ̀ sì ti pọ́n bí epo. Ọsibítù ti dá a padà. Wọ́n pe Adégbóyè, ọkọ Adùnọlá, sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kó máa gbé àna rẹ̀ lọ sílé, kó máa fún un ní ohunkóhun tó bá wù ú jẹ. Akọ̀wé ìjọba ni Adégbóyè, kò mọ̀ ju kó wọ táì lọ sí Sẹkitéríàtì kó sì padà wálé. Òun ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé baba náà wá sí Bódìjà. Ènìyàn dáadáa ni. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ìsìnkú bá ti délẹ̀ báyìí, á ní, "Ọ̀rọ̀ ẹbí yín ni, Adùnọlá, mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ dá sí i," á sì gbé ìwé ìròyìn bojú.

Nítorí kì í ṣe ikú ló ń dẹ́rù ba baba náà. Ẹni tó bá àwọn Jàpáànì wọ̀yá ìjà nínú igbó Bọ́mà, kí ni ikú tún fẹ́ fi hàn án? Ibi tí wọn ó sin òun sí ló ká a lára. Ó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí agbo ilé Ògúnlẹ́yẹ nísàlẹ̀ Màpó, níwájú yàrá tí wọ́n ti bí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó máa ń béèrè nǹkan.

Ẹ ó ní kí ló wá le níbẹ̀. Àkọ́bí ọkùnrin nílé bàbá rẹ̀, ta ni yóò ní kí wọ́n má sin ín sílé? Ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ti sin ín síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má wò mí lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Mo ní wọ́n ti sin ín.

Nígbà tí ogun Ítílà gbóná, Adégbénró fi Bọ́láwùmí ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú Adùnọlá, tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Bọ́mà. Ó pẹ́ díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ bọ̀ wálé, ó ti di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ó mú fìlà ṣọ́jà Adégbénró dání. Ó ní odò gbé e lọ lójú òun, òjò ń rọ̀, àwọn ò sì rí i kó yọjú mọ́. Ọkùnrin náà ò purọ́ o. Odò gbé Adégbénró lọ lóòótọ́. Àmọ́ ó gbé e dé ìsàlẹ̀, ó jù ú sétí bèbè, àwọn ará abúlé kan sì tọ́jú rẹ̀ títí ogun fi parí. Ìyẹn ni ẹlẹ́sẹ̀ kan ò mọ̀.

Agbo ilé Ògúnlẹ́yẹ sunkún títí. Wọ́n ń retí bóyá òkú á dé. Òkú wo ni yóò ti Bọ́mà dé? Àwọn àgbà ní kò bójú mu kí ọmọ àwọn máa rìn kiri nílẹ̀ òkèèrè láìnílé. Wọ́n gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gùn tó ènìyàn, wọ́n wọ agbádá rẹ̀ sí i lọ́rùn, wọ́n dé e ní fìlà ṣọ́jà yẹn, wọ́n gbẹ́lẹ̀ níwájú yàrá rẹ̀, wọ́n sì sin ín. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́láwùmí fá irun, ó wọ dúdú, ó ṣe opó. Nígbà tó bọ́ dúdú, àwọn àgbà ní kó mú ọkọ nínú ẹbí kó má baà jáde nílé. Ṣọ́ọ̀ṣì ò fẹ́ irú ìyẹn, àmọ́ ta ló bi ṣọ́ọ̀ṣì? Ó mú Adéróunmú, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ta ni kí n dá lẹ́bi nínú wọn? Mo wá a tì.

Ìgbà tí oyún ilé tuntun yẹn ti yọ sí gbangba ni Adégbénró wọlé dé.

Ó ti ìdí rélùwéè Dùgbẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé ilé lọ́sàn-án gangan, àpótí lórí. Àwọn obìnrin figbe ta, wọ́n ní àkúdàáyà ni. Bọ́láwùmí sáré jáde láti ìdí ọlọ, ata lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró sójú kan. Ọkọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀. Ó wo Adéróunmú tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ti ojú bọ yanrìn. Ó wo sàréè tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ dáadáa níwájú yàrá rẹ̀. Wọ́n ní ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín.

Ìpàdé wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Baba àgbà tó jẹ́ mọ́gàjí nígbà náà ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ní ju méjì lọ. Bí Adégbénró bá wà láàyè, a jẹ́ pé ìyàwó alààyè ni àbúrò rẹ̀ gbà, èèwọ̀ ni, oyún yẹn ò sì ní bàbá. Bó bá ti kú, gbogbo ènìyàn ló lórúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Ó sọ ọ́ tán, ó bú sẹ́kún, kò sí ẹni tó lè sọ èwo ni kí wọ́n mú. Adégbénró fúnra rẹ̀ ló là á fún wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n kú báyìí," ló wí. "Àmọ́ ẹ fún mi lọ́mọ mi."

Bó ṣe fa Adùnọlá lọ́wọ́ nìyẹn, tó lọ sí Abà Oníyanrìn, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Adégbénró mọ́ nínú agbo ilé, àfi bí wọ́n bá ń ka àwọn òkú. Ní abà, Ṣọ́jà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí irun rẹ̀ funfun, wọ́n ní Bàbá Ṣọ́jà.

Bí Adùnọlá bá ti ń ro ẹ̀kọ fún un nínú kíṣíìnì Bódìjà, ọjọ́ abà wọ̀nyẹn ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ẹ ò rí ọkùnrin tó ń dirun! Ọjọ́ Àìkú ni, á fi ọmọ náà sáàárín orúnkún, á la irun sí mẹ́ta, ìlà á wọ́ bí ọ̀nà oko. Àwọn ọmọ abà fi Adùnọlá ṣẹ̀fẹ̀ títí, ó fẹkún wọlé. Bàbá rẹ̀ tú u, ó lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin, ó ní kí wọ́n kọ́ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, àmọ́ wọ́n kọ́ ọ. Kó tó di pé òjò tún rọ̀, ó ti ń di ṣùkú tó dúró dáadáa. Bó bá fẹ́ lọ sílé ìwé, á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ ọ̀gá ṣọ́jà, á wá pariwo, "Tẹ́nṣàn!" Adùnọlá á dúró ṣánṣán, á na èékánná síwájú kó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn méjèèjì á wá bú sẹ́rìn-ín.

Kò fẹ́ obìnrin mìíràn. Wọ́n fi lọ̀ ọ́, wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àbí ìbọn ti bà á níbi tí kò yẹ ni. Á kàn rẹ́rìn-ín. Bó bá ta kòkó tán ní Dùgbẹ̀, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á gbójú sókè sí Màpó fún ìgbà díẹ̀, á ra búrẹ́dì, á sì wọ bọ́lẹ́kájà padà sóko. Kò gòkè lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ bí Kérésìmesì bá dé, á di iṣu, á fi rán awakọ̀ bọ́lẹ́kájà sí àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Òkú tó ń fi iṣu ránṣẹ́ sílé! Ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí? Wọ́n sì ń jẹ ẹ́.

Èyí tó dun Adùnọlá jù ni ti ọjọ́ ìgbéyàwó òun fúnra rẹ̀. Adéróunmú ló mú un lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìyàwó, nítorí gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kú sí Bọ́mà. Bàbá rẹ̀ jókòó sí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn láàárín àwọn àlejò. Ó wọ aṣọ òfì, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọn ò pè é sí fọ́tò.

Nígbà tí ara baba náà wá ń le sí i, Adùnọlá ní òun ò ní jókòó kí òun máa wòye. Ó wọ takisí láti Bódìjà, ó gba Mọ́kọ́lá, ó gba Dùgbẹ̀, ó gòkè lọ sí agbo ilé. Adéróunmú ni mọ́gàjí báyìí. Ó bá a nídìí oúnjẹ, ó kúnlẹ̀. Bí Adéróunmú ti gbọ́ ohun tó bá wá, ó ti ọwọ́ bọ omi, kò fojú kan oúnjẹ náà mọ́.

"Bàbá ní kí n bẹ̀ yín," ni Adùnọlá wí. "Wọ́n ní àwọn ò béèrè ju ilẹ̀ tí ènìyàn lè dùbúlẹ̀ sí lọ."

"Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

Adéróunmú nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ọkùnrin gìrìwò ni, ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ jù nínú ìpàdé, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ńṣe ló rọra ń sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní odò wíwẹ̀," ó ní. "Nígbà tí wọ́n ní odò gbé e, èmi ni mo kọ́kọ́ jiyàn. Èmi náà ni mo sì kọ́kọ́ gbà." Ó na ọwọ́ sí sàréè tó wà níwájú yàrá. Àwọn ọmọdé jókòó lé e, wọ́n ń jẹ gúgúrú. "Adùnọlá, wo ibẹ̀ yẹn. Bí mo bá gbẹ́ ẹ, tí mo yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò, tí mo gbé ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀, ta ni inú rẹ̀ ó dùn tó mi? Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ni mo fẹ́ máa pe ìyá rẹ? Ìyàwó mi ni, àbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi? Kí ni mo fẹ́ máa pe ọmọ mẹ́rin tó bí fún mi?"

"Ẹ̀yin ni mọ́gàjí, Bàbá. Ohun tí ẹ bá sọ labẹ gé."

"Mọ́gàjí!" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ta ló ni oyè náà gan-an, bí kì í bá ṣe òun? Máa lọ, ọmọ mi. Jẹ́ kí n rò ó. Màá ránṣẹ́."

Adùnọlá mọ̀ láti ojú rẹ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àmọ́ kò lè gbé irú ìyẹn délé fún aláìsàn. Ó dé Bódìjà, ó ní, "Wọ́n ní àwọn ó ránṣẹ́, Bàbá." Ó rí i bí ojú baba náà ṣe tàn. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ, ó sì mu ún tán lọ́jọ́ náà. Ọkàn Adùnọlá gbọgbẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Adéróunmú ránṣẹ́ lóòótọ́. Bọ́láwùmí ló rán.

Ọjọ́ Sátidé ni, Adégbóyè ti jáde. Adùnọlá gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó bá ìyá rẹ̀ tó fi gèlè bo ojú bí ẹni tó jalè. Kò tíì wá sí Bódìjà rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọkùnrin náà wá síbẹ̀. Kò tíì bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti fa Adùnọlá lọ́wọ́ jáde. Ó jókòó sí etí àga nínú pálọ̀, ó ń wo aṣọ tí wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

"Ibẹ̀ ni wọ́n wà?" ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ibẹ̀ ni. Ẹ wọlé lọ kí wọn, Màámi."

"Rárá o." Ó yí ojú kúrò. "Mo ti sunkún rẹ̀. Mo ti fá irun fún un. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

Ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Fọláyọ̀ ni, oyún tí Adégbénró bá lọ́jọ́sí, tó ti di wúńdíá. Ìyàwó ni, wọ́n ti dá ọjọ́. Ìdílé oníwàásù kan ní Mọ́kọ́lá ló fẹ́ ẹ, àwọn tí kì í jẹ́ kí ìwádìí sú wọn. Ẹ sì mọ àwa Ìbàdàn, a ó wádìí ẹni dé ìdí ọlọ ìyá ìyá rẹ̀. Alárinà ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ti rí sàréè, ó ti bi í pé ta ló wà níbẹ̀. Bọ́láwùmí ti dá a lóhùn pé ọkọ òun àkọ́kọ́ ni, tó bógun lọ.

"Bí wọ́n bá wá gbẹ́lẹ̀ sin Adégbénró lọ́la," ló ní, "kí ni mo fẹ́ wí? Wọn ó ní ọkọ mi ò kú nígbà yẹn. Wọn ó ní mo fẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò pọ̀. Wọn ó bi Fọláyọ̀ pé ọmọ ta ni."

Inú bí Adùnọlá. Ó ti pẹ́ tó ti ń pa á mọ́ra. "Bàbá mi ńkọ́?" ló wí. "Èmi ńkọ́, ọmọ ta ni èmi? Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n béèrè nǹkan, Màámi, ẹ̀ẹ̀kan! Wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún yín, wọ́n fi oyè sílẹ̀ fún yín, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀. Ṣé ilẹ̀ náà ni wọ́n tún fẹ́ fi sílẹ̀?"

Ńṣe ni ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó sì kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì níwájú ọmọ tó bí.

"Ẹ dìde! Màámi, ẹ dìde, ẹ má fi mí gégùn-ún!" Adùnọlá ń fà á lápá, obìnrin náà ń wúwo. Ó ń wí pé, "Ṣàánú mi, Adùnọlá, ṣàánú àwọn àbúrò rẹ." Ibi tí wọ́n ti ń fa ara wọn báyìí ni wọ́n ti gbọ́ ìkọ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà.

"Àníkẹ́."

Adùnọlá jọ̀wọ́ apá ìyá rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn ò níbi tí yóò sá sí nínú irú ilé kékeré bẹ́ẹ̀.

"Sọ fún ìyá rẹ pé kó dìde nílẹ̀," ni ohùn baba náà wí. "Símẹ́ǹtì yẹn tutù."

Bọ́láwùmí ki gèlè bọ ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì jẹ́ kí ohùn jáde. Adùnọlá ò mọ ẹni tó yẹ kó sáré lọ bá, ẹni tó wà nílẹ̀ ni àbí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Abà náà dára," ni ohùn náà tún wí, lẹ́yìn tó ti sinmi. "Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Sọ fún Adéróunmú pé mo ti gbà. Ṣé o ti fún ìyá rẹ lóúnjẹ?"

"Rárá, Bàbá."

"Fún un lóúnjẹ kó tó máa lọ. Ọ̀nà jìn."

Bọ́láwùmí ò jẹun. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó dé ẹnu aṣọ náà, ó dúró. Adùnọlá rò pé yóò ṣí i. Ó ń gbàdúrà nínú ọkàn pé kó ṣí i. Ó dúró síbẹ̀ títí, ó wá ní, "Ẹ ṣeun o," ó sì jáde sójú títì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Adùnọlá gbé omi wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó ń dúró kó bi òun ní ìbéèrè yẹn. Kò bi í. Ó ní omi náà gbóná dáadáa. Ó béèrè bóyá wọ́n ti ra iyọ̀. Láti ọjọ́ náà kò dárúkọ Adéróunmú mọ́, kò dárúkọ Màpó. Kí ló burú ju ìyẹn lọ? Nígbà tó ń béèrè, Adùnọlá ní irọ́ tó lè pa fún un. Ẹni tí kò béèrè nǹkan kan, kí lèèyàn fẹ́ fún un? Ó kàn ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó ń nù ún, ó ń fi òróró pa á, ó ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kú, Adùnọlá ń sẹ́ ògì lọ́wọ́. Ó dé inú yàrá pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ó bá a tó ti dákẹ́, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri. Ó pè é ní Bàbá, ó pè é ní Ṣọ́jà, ó wá pè é ní Adégbénró, orúkọ tí ọmọ kì í pe bàbá, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò pè é.

Wọ́n gbé pósí sínú ọkọ̀ kan tí Adégbóyè háyà. Adùnọlá jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Wọ́n dé Dùgbẹ̀, mọ́tò dí títì, wọ́n dúró. Òkè Màpó wà ní ọwọ́ òsì wọn níbẹ̀, gbọ̀ngán ńlá ń tàn lórí rẹ̀. Awakọ̀ tí kò mọ nǹkan kan ní, "Màdáàmù, ṣé inú ìlú là ń lọ ni àbí a ó la Challenge bọ́ sọ́nà Ìjẹ̀bú?" Adùnọlá mọ̀ pé bí òun bá ní inú ìlú, inú ìlú ni ọkọ̀ náà yóò lọ. Wọ́n á dé agbo ilé, wọ́n á gbé pósí kalẹ̀, ta ni yóò lé òkú? Lọ́kàn rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó rí Fọláyọ̀, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ tún béèrè, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè.

"Challenge," ló wí.

Gbogbo Abà Oníyanrìn ló jáde. Wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ sábẹ́ igi kòkó, níbi tó máa ń jókòó sí tó bá ṣiṣẹ́ tán. Adéróunmú àti Bọ́láwùmí dé nínú takisí, àwọn méjì péré láti agbo ilé, wọ́n sì dúró sẹ́yìn èrò. Bọ́láwùmí ò lè wọ dúdú. Àdìrẹ lásán ló ró.

Olùkọ́ ìjọ abà náà dìde, ó sọ ìtàn ẹni tó lọ. Ó ní ọjọ́ kan ni Bàbá Ṣọ́jà dé bá àwọn, ó fa ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́, kò sọ ibi tó ti wá, àwọn ò sì bi í. Ó ní òun ló gbẹ́ kànga tí gbogbo abà ń mu. Ó ní òun ló gbé ìyàwó àwọn kan tó ń rọbí pọ̀n sẹ́yìn nínú òjò títí dé ojú títì, tí ìyá àti ọmọ fi yè. Ó ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, ìyẹn sì máa ń ya àwọn lẹ́nu, nítorí ogun ni wọ́n ní ó ti bọ̀. Ó ní, "A ò mọ ilé rẹ̀, a ò mọ ẹbí rẹ̀, àwa nìyí ni ẹbí rẹ̀." Ibẹ̀ ni Adéróunmú ti ké. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo èrò yíjú padà wò ó, ó ń pe "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi," àwọn ọkùnrin méjì sì dì í mú. Bọ́láwùmí wo ilẹ̀. Omi ò jáde lójú rẹ̀. Adùnọlá da iyẹ̀pẹ̀ sí bàbá rẹ̀, wọ́n sì bò ó.

Wọ́n mú Adùnọlá jókòó sábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àwọn àgbà, ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Obìnrin kan tó ń darí oúnjẹ, Bàdírátù lorúkọ rẹ̀, gbé omi wá. Ó wo Bọ́láwùmí dáadáa, ó tẹríba.

"Ẹ kú ìrìn o, Ìyá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ má bínú, a ò mọ̀ yín. Kí ni Bàbá Ṣọ́jà jẹ́ sí yín?"

Bọ́láwùmí la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo Adéróunmú, Adéróunmú dorí kodò. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Adùnọlá rí ojú yẹn, ó sì mọ ohun tí ó ń bẹ̀ òun fún. Ó ń wù ú kó pariwo rẹ̀ kí gbogbo abà gbọ́. Bàdírátù ṣì dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí èsì.

"Ìyàwó àbúrò wọn ni," ni Adùnọlá wí.

"Háà, ìyàwó ilé!" Inú Bàdírátù dùn. "A ti rí wọn nìyẹn. Kò tiẹ̀ sí ìyàwó ilé kankan tó bá wa dé, àwa nìkan là ń dá a ṣe láti àárọ̀. Ìyàwó ilé kì í jókòó níbi òkú àgbà, Ìyá. Ẹ dákun, ẹ wá bá wa bójú tó àwo lẹ́yìn ilé."

Bọ́láwùmí dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró kó le, ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó sì tẹ̀ lé Bàdírátù lọ fọ àwo.